Àtọ̀gbẹ Bá Mi Wọkọ̀ La Òkun Kọjá

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín, tí ẹ jókòó sí etí ibùsùn tí ẹ ń ro ẹni tí yóò bá yín tọ́ àwọn ọmọ, ẹ̀yin gan-an ni mo ń kọ̀wé yìí sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pín ẹrù. Orúkọ mi ni Adélékè. Lékè ni wọ́n ń pè mí ní New Kru Town, níbí ní Monrovia, níbi tí wọ́n bí mi sí. Ọdún mélòó kan rè é tí mo ti ń fi abẹ́rẹ́ gbé ayé. Pẹ̀lú abẹ́rẹ́ náà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fi ọwọ́ ara wa tu ọkọ̀ kékeré láti Dakar títí dé òdìkejì òkun. N kò sọ ọ́ láti fọ́nnu. Ó dáa, mo ń fọ́nnu díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fọ́n ọn, mo ṣiṣẹ́ fún un.

Ṣójà Nàìjíríà ni bàbá mi, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó wá síbí nígbà ogun láti wá là á. Ogun parí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sílé, òun dúró, nítorí ó ti rí ìyá mi, ọmọ Yorùbá tó ń ta aṣọ ní Benson Street. Ìbọn kò pa á. Egbò kékeré kan tí bàtà dá sí i lẹ́sẹ̀ ló di ńlá, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà, kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó fi kú. Àtọ̀gbẹ ni. Nítorí náà, nígbà tí tèmi dé, kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé àìsàn náà fún ìyá mi. Ó ti bá a gbé inú ilé kan náà rí.

Kí àìsàn tó dé, ọkọ̀ la ń bá kiri. Ọ̀rẹ́ mi tí mo sọ yẹn, Síè lorúkọ rẹ̀, ọmọ Kru ni, ilé wa sún mọ́ra. Bàbá rẹ̀ apẹja ló kọ́ àwa méjèèjì bí wọ́n ṣe ń fi àjẹ̀ tu kánò, nígbà tí ìyá mi rò pé a wà ní kíláàsì. Nígbà tí a dàgbà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ olówó ní ìwẹ̀ odò ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Mamba Point, Síè ń ru ẹrù ní èbúté. A gbọ́ pé àwọn òyìnbó kan a máa tu ọkọ̀ kékeré la òkun já. Síè ní kí ni wọ́n fi jù wá lọ. A tọrọ, a bẹ̀bẹ̀, a ṣe iṣẹ́ kún iṣẹ́, títí ọkọ̀ kan tí àwọn ẹlòmíràn ti lò rí fi dé bá wa. A fi tapólì bò ó sẹ́yìn ilé wa, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í múra sílẹ̀.

Àárín ìmúrasílẹ̀ yẹn ni òùngbẹ bẹ̀rẹ̀. Mo ń mu omi inú ọ̀rá, bí mo bá ja ọ̀kan tán, ojú mi ti wà lára èkejì. Bí mo ṣe ń mu ún ni mo ń tọ̀ ọ́. Ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí mi. Àwọn ènìyàn ní ìdánrawò ọkọ̀ ló ń jẹ mí lára, èmi náà gbà, nítorí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni wọ́n ń sọ. Lẹ́yìn náà, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Mo dúró létí omi ní òtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ kan, n kò mọ ọmọ tí mo ń pe orúkọ rẹ̀. Ìyá mi ló rí èèrà tó ṣù síbi tí mo tọ̀ sí lẹ́yìn ilé. Kò pariwo. Ó wọlé, ó ró ìró mìíràn, ó ní, “Dìde, ọsibítù là ń lọ.”

Ìlà tí a tò lọ́jọ́ náà gùn dé géètì. A ti débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, oòrùn sì ti kàn wá lórí kó tó kàn wá. Gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló mọ àìsàn gbogbo ẹni tó kù. Obìnrin kan fún wa ní ẹ̀pà, ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi kí n tó fi sẹ́nu. Nọ́ọ̀sì tó rí wa, Sister Kemah ni wọ́n ń pè é, fi abẹ́rẹ́ gún ìka mi, ó wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún un wò.

“My son, da sugar. Your own plenty-o. You will take the needle every day.”

Mo bi í pé títí dìgbà wo.

“Till you old,” ó ní. “So make sure you get old.”

Mo sunkún nígbà tí a délé. N kò ní purọ́. Ọmọkùnrin tó ń kọ́ ènìyàn ní ìwẹ̀ odò ni mí, mo sì sunkún débi pé irọ̀rí mi tutù.

Ẹ wá gbọ́ ti àwọn olóògùn ẹbí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìbàdàn fi àgbo ránṣẹ́, ìgò lórí ìgò. Ó ní abẹ́rẹ́ yẹn, bí ènìyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò ní í bọ́ nínú rẹ̀ mọ́, nítorí náà kí n tètè sá. Aládùúgbò kan ní kí n máa mu omi ewúro ní òròòwúrọ̀. Ẹlòmíràn ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú nìkan ni kí n máa jẹ. Gbogbo wọn mọ ẹnì kan tó ti san fún pátápátá, àmọ́ kò sí ẹni tó lè mú un wá kí n rí i. Mo pa abẹ́rẹ́ tì, mo ń mu àgbo. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi gbé mi dé ọ̀dọ̀ Sister Kemah pẹ̀lú èébì, èémí mi ń rùn bí èso tó ti rà, n kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ó kù díẹ̀ kí n lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ewúro dára nínú ọbẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní abẹ́rẹ́ ni tiyín, abẹ́rẹ́ náà ni kí ẹ gbà.

Nígbà tí ara mi le padà, gbogbo ayé ní kí a ta ọkọ̀. Síè nìkan ni kò gbà. Ó wá jókòó tì mí, ó ní, “Da you that sick. The boat not sick.” Sister Kemah ní òun kò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni, òun kò sì ní sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí mo bá lè tọ́jú ṣúgà náà títí ọdún mìíràn yóò fi yí po, tí ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, kí n padà wá bi òun. Mo tọ́jú rẹ̀. Mo wọn oúnjẹ, mo gún ìka, mo gún ikùn, mo fi oògùn náà sínú ìkòkò amọ̀ tí a rì sínú iyanrìn tútù, nítorí iná ìjọba kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ọdún yí po, mo padà lọ, ó sì fún mi ní oògùn ìrìn-àjò.

Ìyá mi ló kù. Lọ́jọ́ kan tó ń ká aṣọ lórí okùn, ó sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà láìwo ojú mi.

“Bàbá rẹ dùbúlẹ̀ síbì kan, kò lọ ibì kankan. Àìsàn yẹn ṣáà bá a níbẹ̀. Máa lọ, Àkànní. Ṣùgbọ́n kí o padà wá bá mi láàyè. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ.”

A fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé ọkọ̀ wa lọ sí Dakar ní Senegal, ibẹ̀ ni a ti gbéra, nítorí omi iwájú Monrovia a máa fa ọkọ̀ padà sápá ọ̀dọ̀ àwọn ará Àbíjàn, a ò bá sì rí ara wa níbi tí a ò lọ. Gígùn ọkọ̀ náà kò ju ti bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kérò lọ sí ọjà Red Light. Yàrá kan wà nídìí rẹ̀ tí ènìyàn kan lè nà sí bí kò bá ga jù. Òmíràn tó kéré sí i wà níwájú, ibẹ̀ la kó oúnjẹ sí. Àárín méjèèjì ni àga tí à ń jókòó lé tukọ̀ wà, ó ní táyà tín-tìn-tín lábẹ́, ó ń yí lọ yí bọ̀ bí a bá ti ń fa àjẹ̀. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí ìgbòkun. Sólà ń fún wa níná, ẹ̀rọ kan ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun kí a lè rí i mu. Ilé ìgbẹ́ wa ni bọ́kẹ́ẹ̀tì kan. A máa ń bọ̀wọ̀ fún bọ́kẹ́ẹ̀tì náà gan-an.

Bí a ṣe ń gbé ayé níbẹ̀ ni pé, èmi á tukọ̀ fún wákàtí méjì, Síè á sùn. Òun á tukọ̀, èmi á sùn. Tọ̀sán tòru ni. Bí mo bá jí, ìka mi á ti ká mọ́ra bí ẹni pé ó ṣì di àjẹ̀ mú, n ó máa fi ọwọ́ kan tú èkejì. Iyọ̀ ń jẹ wá nídìí, a ò lè jókòó, iṣẹ́ wa sì ni kí a jókòó. Ẹja tó ń fò lójú omi ń gbá wa létí láìṣe pé a ṣẹ̀ ẹ́. Síè a sá wọn sóòrùn, a jẹ wọ́n, a sì máa yìn wọ́n. Bí òjò bá rọ̀, a ó bọ́ra sílẹ̀, a ó fi ọṣẹ wẹ̀, ayọ̀ ọjọ́ náà kọjá ti ọdún Kérésìmesì. Mo kọ gbogbo orin ìjọ wa tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n láti ẹ̀yìn. Ata gígún tí ìyá mi dì fún wa tán lọ́jọ́ kan. Ẹnìkọ̀ọ̀kan wa ní ẹnìkejì ló jẹ ẹ́ tán, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀rù ń bà mí lójoojúmọ́, pàápàá bí ìgbì bá ga kọjá orí wa. Ṣùgbọ́n mo tún láyọ̀ lójoojúmọ́, n kò mọ bí n ó ṣe ṣàlàyé ìyẹn.

Àtọ̀gbẹ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí pákó ọkọ̀ ti kan omi tútù, ni mo kó oògùn sí. Mo pín in sí ọ̀nà méjì, apá kan níwájú, apá kan lẹ́yìn, kí ọ̀kan lè ṣẹ́ kù bí omi bá ba èkejì jẹ́. Kí n tó tukọ̀, mo yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Lẹ́yìn tí mo tukọ̀, mo tún yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ sọ nọ́ńbà kan tó jẹ́ pé òkú ni ó yẹ kí n ti jẹ́. Síè ti ń wá fóònù kí n tó rántí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lá oyin, èyí tó kù lára ìka mi ni ẹ̀rọ ń wọ̀n. Mo fọ ọwọ́, mo tún un ṣe, nọ́ńbà wálẹ̀, a rẹ́rìn-ín títí a fi dákẹ́. Nírọ̀lẹ́, Síè á gbé ẹsẹ̀ mi lé itan rẹ̀, á máa wo àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan bóyá egbò wà níbẹ̀. Ó ní bí òun bá délé, òun ò tún ní wo ẹsẹ̀ ọkùnrin kankan mọ́ láyé òun.

Nígbà tí a ti wọ àárín òkun, afẹ́fẹ́ yí padà, ó kọjú sí wa. A tu, a tu, ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀nà hàn wá sọ pé ẹ̀yìn ni a ń lọ. Ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń fi fóònù sátẹ́láìtì pe ìyá mi lẹ́yìn ìsìn. Mo sọ fún un bí nǹkan ṣe rí. Ó ní Síè ti pe òun nígbà tí mo ń sùn, òun sì ti sọ fún pásítọ̀. Gbogbo ìjọ ti wọ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí wa. Òun kò ní fi nǹkan kan kan ẹnu, omi pàápàá.

Ẹni tí a bá tọ́ nílé Yorùbá yóò mọ ohun tó ṣe mí lẹ́yìn ìpè yẹn. Ìyá mi, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, jókòó sílé pẹ̀lú ebi nítorí mi, èmi ọmọ rẹ̀ wá di abọ́ mú. Oúnjẹ náà kò lọ lọ́fun. Sister Kemah ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀, ó sì ti kìlọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ fo abẹ́rẹ́. Mo gbọ́ ti abẹ́rẹ́, mo gbà á lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì bí mo ṣe máa ń gbà á. Lẹ́yìn náà ni mo bá ìyá mi gbààwẹ̀. Ìgbọràn méjèèjì pàdé nínú ara mi, wọ́n sì fẹ́ pa mí, nítorí abẹ́rẹ́ láìsí oúnjẹ a máa gbẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tán. Síè bi mí bóyá mo ti jẹun, mo ní mo jẹ ẹ́ nígbà tó ń sùn.

Ọ̀sán pọ́n. Mo wà lórí àga, òógùn tútù bò mí nínú oòrùn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Lójijì, ayọ̀ ńlá kan bò mí. Mo rí etíkun New Kru Town. Mo rí àwọn obìnrin tó ń gbé abọ́ ẹja, mo gbọ́ òórùn èéfín. Mo gbé àjẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, mo tú okùn tó so mí mọ́ ọkọ̀, mo gbé ẹsẹ̀ kan kọjá etí ọkọ̀ kí n lè sọ̀kalẹ̀.

Síè ní ìró àjẹ̀ tó dákẹ́ ló jí òun. Ó yọ orí síta.

“Leke, where you going?”

“Mo ti délé,” ni mo sọ fún un.

Ó gbọ́ Yorùbá tí mo sọ, nítorí ilé wa ló ti ń jẹun láti kékeré. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdí ṣòkòtò mi mú, ó fà mí sẹ́yìn, mo ṣubú lé e lórí. Mo bá a jà. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ, ìyá mi ń dúró. Ó fi orúnkún tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, ó ki ìka bọ inú oyin, ó ń fi í ra mí lẹ́rìgì. Mo gé ìka náà jẹ. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí dòní, ó máa ń fi í han àwọn ọmọbìnrin.

Nígbà tí ojú mi là, omi ni mo rí yíká, omi nìkan. Mo wo ibi tí mo fẹ́ gbẹ́sẹ̀ sí. Mo wá okùn tí mo tú, mo tún so ara mi mọ́ ọkọ̀.

“When last you eat?” Síè bi mí.

Mo sọ òtítọ́ fún un. Kò bú mi. Ó kàn nawọ́ mú fóònù, ó ní, “I calling Old Ma.”

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un kó tó gbé fóònù sí mi létí. Ìyá mi kò kí mi, ó bi mí ní tààrà.

“Lékè, ta ló ní kí o gbààwẹ̀?”

“Ẹ má bínú, Mà. Mo rò ó pé ebi ń pa yín nítorí mi.”

“Ebi ń pa mí kí ìwọ lè jẹun ni. Nígbà tí mo rọbí rẹ, ṣé ìwọ náà bá mi rọbí? Iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o jẹun, kí o tukọ̀, kí o máa bọ̀. Kí ló wà nítòsí rẹ níbẹ̀?”

“Bisikíìtì, Mà. Àti ẹ̀pà.”

“Jẹ ẹ́. Má gbé fóònù sílẹ̀. Mo fẹ́ máa gbọ́ bí o ṣe ń jẹ ẹ́.”

Mo jẹ ẹ́. Bisikíìtì náà gbẹ, ó ń ró gàràgàrà lẹ́nu mi, omijé ń bọ́ sórí rẹ̀. Ní Monrovia, obìnrin tí kò tíì kan omi láti àná fetí sí i. Bí mo bá dákẹ́, á ní, “Ó kù.” Nígbà tí mo tán, ó ní kí n mú òmíràn. Kò pa fóònù náà títí mo fi jẹ ẹ̀pà kún un.

Láti ọjọ́ náà, n kò tún fi oúnjẹ sílẹ̀ nítorí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ní àìsàn yìí, ẹ jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ràn yín bá yín gba ààwẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ gbà. Ẹ̀yin, ẹ jẹun. Ìfẹ́ wọn kò ní kí ẹ bá wọn pín ebi.

Afẹ́fẹ́ yí padà sẹ́yìn wa lọ́jọ́ tí ààwẹ̀ wọn parí. Bóyá àdúrà ni, bóyá bí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń ṣe ni, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ọkọ̀ ń sáré. A ń tu, a ń kọrin, ara wa gbẹ, irùngbọ̀n bò wá lẹ́nu. Níkẹyìn, omi òkun yí sí àwọ̀ pupa rúsúrúsú, ti odò ńlá tó ń gbé ẹrẹ̀ wá láti inú ilẹ̀. Síè fa imú, ó ní òun gbọ́ òórùn ewé. Lọ́jọ́ kejì ìyẹn, ó lé ní oṣù méjì tí a ti kúrò ní Dakar, a wọ èbúté Cayenne, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ariwo àwọn tó wá pàdé wa. Mo gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀, ilẹ̀ ń mì, mo jókòó. Kí n tó gba omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo fọ ọwọ́ mi, mo gún ìka. Nọ́ńbà náà dára. Síè pariwo rẹ̀ sí àwọn èrò bíi pé bọ́ọ̀lù ló wọ àwọ̀n. Wọn kò mọ ohun tó ń sọ, wọ́n ṣáà pàtẹ́wọ́.

Mo pe ìyá mi. Mo ní, “Mà, a ti dé.” Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó kígbe, ó sá jáde síta, mo gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò ní èdè mẹ́ta, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gbàgbé mi. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín.

Mo ti padà sí Monrovia báyìí, mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ mi ní òtẹ́ẹ̀lì. Dókítà wo ojú mi, ó ní ó dá ṣáká. Ẹsẹ̀ mi ń mọ ìgbóná, ó ń mọ òtútù. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ṣúgà náà ń ya pòkíì láìnídìí, mo máa ń bínú, mo máa ń dá a padà. Ní ọjọ́ tí Sister Kemah bá ń rí àwọn alátọ̀gbẹ, ó máa ń ní kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún gbá mi lọ́wọ́ mú. Ó bi mí bóyá òkun ló wò mí sàn, kí òun náà lè mọ ibi tí òun yóò lọ.

Mo sọ fún un pé kò wò mí sàn. Àìsàn náà wọ ọkọ̀ pẹ̀lú mi ní Dakar, ó bá mi dé Cayenne, ó sì bá mi padà wálé. Gbogbo ìgbà yẹn, kò fọwọ́ kan àjẹ̀ rí. Èmi ni mo tu ọkọ̀.